Festac àti Àáké Dúdú: Ọdún Kan Náà Ló Bí Wọn

Festac Town ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ o.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ yìí, àwọn kan ti fẹ́ fò ó sí ètò míì, torí ọ̀rọ̀ náà ti sú wa. Gbogbo ìgbà tí oṣù keje bá ti wọlé la máa ń rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ọmọ ọlọ́mọ má pẹ́ níta, pé 7/7 ti dé. Ìyá á pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ti gbàgbé.

Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí yàtọ̀. Bí wọ́n bá lu ọmọ kan pa níbi tí wọ́n ti ń gbà á wọ ẹgbẹ́, tàbí tí wọ́n bá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ lórí ibùsùn rẹ̀, ta ni òfin máa ń mú? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í mú ẹnì kankan? Láti dáhùn, ó di dandan ká padà sẹ́yìn. Ibi tí a sì máa ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí mi rárá, àdúgbò yìí gan-an ni.

Ọdún 1977

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Festac, ẹ mọ̀ pé ìlú yìí kì í ṣe ìlú tó ṣàdédé hù. Ìjọba kọ́ ọ nítorí àjọ̀dún ńlá tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn òṣèré, akéwì, onílù àti ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú káàkiri àgbáyé ló péjọ sí Nàìjíríà. Inú àwọn ilé wọ̀nyí, ní àwọn àfẹ́níù àti kílóòsì tí a fi ń júwe ilé fún ọlọ́kadà, ni wọ́n fi wọ̀ sí.

Ẹ rántí àmì àjọ̀dún náà. Àwòrán ojú Ìyọba Ìdíà ti Ìbíní ni, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí àwọn òyìnbó kó lọ, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká yá a lò, wọn ò gbà. Àwọn agbẹ́gilére Ìbíní ló wá gbẹ́ irú rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ohun tó jẹ́ tiwa, wọn ò yá wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òmìnira ènìyàn dúdú fi gbóná lẹ́nu gbogbo èèyàn lọ́dún yẹn. Àwọn aláwọ̀ funfun ṣì ń tẹ àwọn èèyàn wa mọ́lẹ̀ ní South Africa nígbà náà.

Lọ́dún kan náà, 1977, ní Yunifásítì Benin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Neo-Black Movement of Africa. Àmì wọn ni àáké dúdú tó ń já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ẹrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Festac. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ń sọ. Ìbíní ni ojú Ìdíà ti wá, Ìbíní náà ni àáké yẹn ti wá.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ibi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ẹnu ọ̀rọ̀ òmìnira ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, tí wọ́n bá sọ "Aiye" ládùúgbò, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Black Axe ni wọ́n ń sọ. Ẹgbẹ́ Neo-Black Movement fúnra rẹ̀ ń sọ léraléra pé àwọn kọ́ ni Black Axe, pé àwọn ò fọwọ́ sí ìwà ipá. Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àmọ́ orúkọ Black Axe ti di orúkọ tí Interpol ń lépa kárí ayé. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje ọdún 2024, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Operation Jackal III, wọ́n mú nǹkan bí 300 èèyàn ní orílẹ̀-èdè 21.

Ṣáájú àáké, ọkọ̀ ojú omi ló wà

Ká tún sún sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 1952, University College, Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ méje, Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn ń ṣe bí òyìnbó kékeré: ọmọ olówó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ tálákà, ẹ̀yà kan ń yọ ẹ̀yà kejì sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ adigunjalè ojú omi ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo ìyẹn.

Fún bí ogún ọdún, kò sí wàhálà tó ṣe gbòógì. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹgbẹ́ Eiye bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1960 sí 1969. Lọ́dún 1972, àwọn kan yapa kúrò lára Pyrates, wọ́n dá Buccaneers sílẹ̀. Àáké dé ní 1977. Àwọn míì tún tẹ̀ lé e. Ẹ ò rí i pé orúkọ méjì tó ń da àdúgbò rú jù lónìí, Yorùbá ni méjèèjì: ẹyẹ àti ayé. Èdè ìyá wa ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá.

Tí ẹgbẹ́ bá ti di púpọ̀ lórí ilẹ̀ kan, ìjà ọlá ló máa ń dé. Ẹgbẹ́ tí kò bá lérò lẹ́yìn, wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ. Torí náà, wọ́n ń wá ọmọ tuntun, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí ọmọ tuntun ò fi ní lè sá. Ibẹ̀ ni lílù ti wọlé. Wọ́n á mú ọmọ lọ sínú igbó lóru, wọ́n á rọ ọtí sí i lẹ́nu, wọ́n á lù ú títí ara rẹ̀ á fi bó, wọ́n á ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni. Ẹni tí wọ́n lù lónìí ni yóò lu ẹlòmíì lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá ti lu ẹlòmíì, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú wọn, kò lè lọ sọ fún ẹnì kankan mọ́. Okùn tí wọ́n fi ń so ara wọn pọ̀ nìyẹn. Àwọn kan kì í padà wá láti inú igbó yẹn.

Nígbà tó di 1984, ẹgbẹ́ Pyrates kó kúrò ní gbogbo ọgbà yunifásítì. Wọ́n ní ohun tí àwọn dá sílẹ̀ kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù kò kó kúrò.

Òfin tó ń ṣọ́ ẹni tí kò yẹ kó ṣọ́

Lọ́dún 1989, ìjọba ológun Ìbrahim Babangida ṣe òfin kan, Decree 47. Inú òfin yẹn ni wọ́n ti sọ pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn nílé ẹ̀kọ́ gíga lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí kó san owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí kó jìyà méjèèjì.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo orúkọ òfin náà. Wọn ò pè é ní òfin ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òfin ìdarí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pè é. Ohun tó gba iwájú lọ́kàn ìjọba ni bí wọ́n ṣe máa pa ẹnu ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jáde sí ìgboro tí nǹkan bá wọ́n, tí wọ́n ń pariwo Aluta. Òfin náà fún ìjọba lágbára láti fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wù ú.

Ibi tó ti wá dùn mí ni pé, ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni kan ṣoṣo tó ń dojú kọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òfin tó ní òun ń bá olè jà ló tún ń de ọlọ́dẹ lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà sì fẹ̀sùn kan àwọn alágbára pé ṣe ni wọ́n ń lo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn láti fọ́ ẹgbẹ́ àwọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó fẹ́ wúlò fún wa báyìí.

Ifẹ̀, oṣù kẹta sí oṣù keje 1999

Ní Obafemi Awolowo University, Ilé-Ifẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣeré rárá. Lóṣù kẹta ọdún 1999, wọ́n gbọ́ pé àwọn kan ń péjọ nínú BQ ní ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n mú àwọn kan, wọ́n bá ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, bí òfin ṣe wí.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù májísírétì. Kò pẹ́, ẹjọ́ náà fọ́, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Yorùbá ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè ni igi yẹn wà lóṣù kẹta. Gbogbo èèyàn rí i.

Lóru ọjọ́ 10 oṣù keje 1999, kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọkùnrin tó tó ogójì wọ inú ọgbà pẹ̀lú ìbọn àti àáké. Wọ́n lọ tààrà sí Awo Hall. Àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá. Lánre Adélékè tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní Legacy, rí ọ̀nà sá. George Iwilade tó jẹ́ akọ̀wé àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ọmọ ọdún 21 tí gbogbo ọgbà mọ̀ sí Afrika, kò rí ọ̀nà sá. Wọ́n pa á nínú yàrá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin míì kú pẹ̀lú rẹ̀. Èèyàn márùn-ún.

Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbàjọba. Gbogbo Nàìjíríà ń yọ̀ pé ológun ti lọ. Ọmọ tó ń kọ́ òfin, tó gbà pé òfin ló yẹ kí a fà ọ̀daràn lé lọ́wọ́, òun gan-an ni òfin kò lè gbà sílẹ̀.

Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wálé Ọmọlé, kò mọ́, wọ́n ní kó lọ. Ìjọba yọ ọ́ kúrò lórí àga lóṣù keje yẹn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákànjúọlá sì gba ipò rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákànjúọlá padà kọ ìwé lórí ìgbà tó fi ṣe ọ̀gá níbẹ̀, orí ọ̀rọ̀ yìí sì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n mú àwọn afurasí. Ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níkẹyìn, wọ́n dá àwọn tí wọ́n gbé dé iwájú adájọ́ sílẹ̀. Èèyàn márùn-ún kú lóru ọjọ́ kan, lójú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ìpànìyàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, àwọn ọmọ Great Ife ṣì máa ń rántí wọn.

Kí ló dé tí ẹjọ́ fi ń fọ́?

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n á ní owó ni, tàbí pé bàbá ẹnì kan mọ ẹnì kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Àmọ́ mo rò pé ohun méjì míì wà tí a kì í sọ.

Èkíní. Lọ́dún 1983, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n sun ilé, wọ́n jí ẹrù. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dànù. Ta ni alága ìgbìmọ̀? Igbákejì ọ̀gá àgbà, tí ilé tirẹ̀ wà lára èyí tó jóná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ìdájọ́ jáde lọ́dún 1986: Garba àti àwọn míì pẹ̀lú Yunifásítì Maiduguri. Adájọ́ ní ẹnì kan kò lè ṣe adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó kan ara rẹ̀. Wọ́n tún ní sísun ilé àti olè jíjà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìlú, ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè dá èèyàn lẹ́bi lórí irú ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe yunifásítì.

Ìdájọ́ tó dáa ni. Ó gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀sí. Àmọ́ lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀ kọ́ ni èyí tó yẹ. Dípò kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí, kí wọ́n pe ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí wọ́n dáàbò bo ẹlẹ́rìí, ṣe ni wọ́n á pe ìpànìyàn ní "ìwà àìtọ́", wọ́n á lé ọmọ náà dànù, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ tí wọ́n lé náà á kúrò ní Ifẹ̀, á wọ ọkọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sí Mile 2. Ọ̀rọ̀ kò parí, ó kàn ṣí ilé ni.

Èkejì, èyí ló tún ṣe pàtàkì jù. Òfin wa sọ pé jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 38, kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wọ ẹgbẹ́ awo. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin tuntun fún ìpínlẹ̀ Èkó: ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ọdún 15 fún ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí tó yọ̀ǹda ilé rẹ̀ fún ìpàdé wọn. Òfin ọdún 2007 tó wà tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló dojú kọ. Ti 2021 kan gbogbo èèyàn: mẹkáníìkì, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, lánlọ́ọ̀dù. Ìjọba gbà nìyẹn pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú ọgbà, ó ti dé Festac, ó ti dé gbogbo Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin.

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ro ti ọmọ ọdún 18 tí wọ́n tàn lọ sí ibi tí wọ́n pè ní páátì, tí wọ́n lù ú títí di òwúrọ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí. Tó bá lọ sí tẹ́ṣàn, kí ló fẹ́ sọ? "Ọ̀gá, níbi tí wọ́n ti ń gbà mí wọlé ni." Gbólóhùn yẹn nìkan lè rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Ṣé ẹ rí i? Òfin tó le yẹn ti sọ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo di odi.

Ohun tí àwọn míì ṣe

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ìṣòro tó jọ èyí. Ní Penn State, lóṣù kejì 2017, ọmọ ọdún 19 kan, Timothy Piazza, kú lẹ́yìn tí wọ́n fi ọtí gbà á wọ ẹgbẹ́. Ó ṣubú, ó fi ara pa, ọ̀pọ̀ wákàtí sì kọjá kí wọ́n tó pe ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún 2018, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Òfin náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ìgbàwọlé bá yọrí sí ikú, ó sì lè fìyà jẹ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ó ní ilẹ̀kùn kan: ẹni tó bá pe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń kú lọ, tó dúró tì í, òfin kò ní fi ìpè yẹn mú un. Ní oṣù kejìlá 2024, ìjọba àpapọ̀ wọn tún ṣe òfin pé kí yunifásítì máa kéde irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé.

Mi ò sọ pé ibẹ̀ dára tán o. Nínú ẹjọ́ Piazza, lẹ́yìn ọdún méje, àwọn olórí méjì nínú ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀wọ̀n oṣù méjì sí mẹ́rin. Ìyẹn náà kéré. Àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn la nílò. Ó yẹ kí òfin Èkó sọ ọ́ ní kedere pé ẹni tí wọ́n lù, tó sá jáde, tó sọ ohun tó rí, ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe ọ̀daràn. Ó tún yẹ kí yunifásítì tó gbọ́ tó dákẹ́ jíhìn fún ìdákẹ́ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun buwọ́ lù pé òun kò ní wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ta ló ti gbà là?

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àbúrò mi mọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé, "Òun ló fẹ́, òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá." Irọ́ ni pé ìyẹn gbà wọ́n. Criminal Code, abala 299, sọ pé bí ẹnì kan tilẹ̀ gbà kí wọ́n pa òun, ẹni tó pa á ṣì jẹ̀bi. Kò sí ìfohùnṣọ̀kan nínú ikú. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n ń pè lọ sí páátì tí kò mọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é.

Àjọ̀dún tó bí àdúgbò yìí àti àáké tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbíní lọ́dún kan náà, òmìnira ni àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ti parí, ó fi ilé sílẹ̀ fún wa. Èkejì fi òkú sílẹ̀ fún àwọn ìyá. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo rí nínú ẹkún Ifẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tiwọn lóṣù kẹta, wọ́n fa ọ̀daràn lé òfin lọ́wọ́. Òfin ni kò ṣe tirẹ̀. Títí tó fi máa ṣe é, àwa la ní láti máa béèrè.

Ẹ fi èrò yín ránṣẹ́ sí wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ òfin, ẹ sọ ibi tí ẹ kò ti gbà pẹ̀lú mi. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí àbúrò yín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì. Ó dìgbà kan ná o.